Ọdún Mẹ́tàlá Nídìí Ẹ̀rọ Tó Ń Tọ́ Ọpọlọ Àgbò Wò

Ó gòkè. Ìlà yẹn gòkè, kì í ṣe pé ẹnì kan wá ròyìn fún mi o, ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe. Ó kọ́kọ́ ń lọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí pépà bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, mo ti fẹ́ máa sunkún, àfi bó ṣe gbérí, tó ń gun òkè, tó ń gun òkè, tó wá dúró síbẹ̀ gbọn-in. Mo pariwo débi pé ìyá onílé sáré wá sójú fèrèsé, wọ́n ní ta ló bímọ. Mo ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, mà." Wọ́n ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bímọ?" Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún pọ̀.

Ẹ má bínú, mo ti sáré jù. Kúdí lorúkọ mi, ọmọ Ìbà ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní sẹ́kọ́ńdírì tẹ́ ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe ni mò ń kọ èyí sí. Mo mọ̀ pé àgbà tó ti hewú ló máa ń kọ irú ìtàn báyìí, èmi ò sì tíì hewú, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe ti kú mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì dà bíi pé ẹnì kan tún máa ṣe é ládùúgbò wa mọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nídìí iṣẹ́ yìí, àgbà ni mí.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà ò gùn. Dókítà Ọmọ́táyọ̀, ará Èkìtì, ń gbé nínú ilé bàbá mi ní Ìbà, wọ́n ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lọ́nà Ọ̀jọ́. Ní 1983 tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì, tí mo jókòó sílé lásán, bàbá mi sọ fún wọn pé, "Dókítà, ẹ bá mi mú ọmọ yìí kúrò níwájú mi." Wọ́n mú mi. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Nínú orí èèyàn, àti nínú orí ẹran pàápàá, nǹkan kékeré kan wà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Dópámìnì ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti ń tán lọ, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ojú á le gan-an bí ère. Ẹ̀gbọ́n Dókítà tó wà ní Èkìtì ń gbọ̀n báyẹn. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é. Dókítà ní kì í ṣe ayé, nǹkan kan ló ń tán nínú ọpọlọ ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kan tí ò wọ́n, tí ilé ìwòsàn èyíkéyìí lè rà, tó máa fẹnu tọ́ nǹkan yẹn wò, kó sì sọ bó ṣe kù tó. Ọpọlọ àgbò la fi ń dán an wò. Ṣebí ọjà Alábà Ràgó wà nítòsí wa, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í pa àgbò níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mákúrì ni wọ́n ń lò, omi fàdákà tó ń kán tó, tó, tó nínú gíláàsì. Tí ẹyọ kan bá jábọ́, á fọ́ sí ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, èmi á dọ̀bálẹ̀ máa fi bébà gbá wọn jọ. Kò pẹ́ tí mákúrì fi tán, a ò rí òmíì. Dókítà wá ní ká máa lo dúdú inú bátìrì. A máa ń fọ́ bátìrì rédíò tó ti kú, a óò yọ ọ̀pá dúdú àárín ẹ̀, èmi á fọ̀ ọ́, á gbẹ, màá lọ̀ ọ́ kúnná ju àtíkè lọ, màá fi òróró tí kò lóòórùn pò ó, màá ki í sẹ́nu túùbù gíláàsì kékeré kan tó rí bíi bírò, wáyà kọ́pà á wà lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tí dúdú yẹn ti yọjú là ń pè ní ẹnu. Ẹnu yẹn la máa tì bọ inú omi ọpọlọ, tó bá tọ́ nǹkan wò, ẹ̀rọ á fi gègé ya ìlà sórí pépà tó ń yí. Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, ìlà á gòkè. Tí ò bá sí, á lọ gbọọrọ.

Ẹnu yẹn ni mo fi ọdún méjì kọ́. Orí pépà táípù ni wọ́n ti ń dán an, ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ ò ní fọwọ́ bà á fẹ́rẹ́ jù, ẹ óò máa yí ọwọ́ róbótó títí á fi máa dán bí ojú ìkòkò irin. Dókítà á gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Tún un ṣe." Ọjọ́ kan wà tí mo tún un ṣe nígbà mẹ́tàdínlógún. Nígbà kejìdínlógún mo ní, "Sà, ọwọ́ ń dùn mí." Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n láti ọdún mẹ́fà. Tún un ṣe."

Èyí tó le jù ni ìwé. Ìwé ńlá kan wà, ẹ̀yìn ẹ̀ le, gbogbo ohun tá a bá ṣe ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, ẹni tó ṣe é, déètì. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹnu, Dókítà bi mí pé:

"Kúdí, kí lo ṣe láàárọ̀?"

"Ẹnu mẹ́ta, sà."

"Ibo lo kọ ọ́ sí?"

"Mi ò tíì kọ ọ́, sà. Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí ni."

"Ó dáa. O ò tíì ṣe é nìyẹn."

Wọ́n kó ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi ìṣó ha dúdú inú wọn dànù sínú agolo ìdọ̀tí, wọ́n padà síbi tábìlì wọn. Iṣẹ́ odidi àárọ̀ kan ni. Nígbà míì mo kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìkọ déètì, wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí gbogbo ẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ tí ò ní déètì, ọmọ tí ò ní bàbá ni. Inú bí mi, mo lọ sunkún nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo ń kọ gbogbo nǹkan. Mo rò pé gbogbo nǹkan ni mò ń kọ.

Ọjọ́ tí a bá fẹ́ ṣe ọpọlọ, Alábà Ràgó ni mò ń lọ láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú fúláàsìkì tí yìnyín wà nínú ẹ̀. Sánì, ọmọ Kánò kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ló ń pa ẹran níbẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn kan lára wa lọ. Tó bá ti rí mi lókèèrè á kígbe pé, "Ìyá Ọpọlọ ti dé o. Ẹ gbé orí fún un kó máa lọ."

"Sánì, jọ̀ọ́, ṣe kíá, yìnyín mi ń yọ́."

"Ojoojúmọ́ lo ń ra orí. Ẹran ńkọ́? Ọkọ ẹ ò ní jẹ itan ni?"

"Mi ò tíì lọ́kọ."

"Mo mọ̀. Ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń gbé ọpọlọ kiri nínú fúláàsìkì?"

Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, á fi àáké la orí náà pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń la àgbọn, màá sáré padà. Ara àárín ọpọlọ náà la máa ń gé, ibì kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, a óò lọ̀ ọ́ mọ́ omi oníyọ̀ tútù, a óò sẹ́ ẹ.

Ìṣòro wa nígbà yẹn ni pé nǹkan míì wà nínú ọpọlọ tó pọ̀ ju dópámìnì lọ fíìfíì, ẹnu ẹ̀rọ ò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Tó bá tọ́ èkíní wò, á rò pé èkejì ni. Dókítà ń pè é ní áskọ́bíìkì. Mo kọ orúkọ yẹn sínú ìwé tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ọdún bíi mẹ́rin la fi bá áskọ́bíìkì jà. Àwọn ará ibòmíì ní òróró kan tí wọ́n ń fi kun ẹnu tiwọn tó ń lé e, ṣùgbọ́n òkè òkun nìyẹn wà, àwa ò lágbára ẹ̀. Gbogbo nǹkan ń bà jẹ́ lọ nígbà yẹn. Gègé ẹ̀rọ gbẹ, a fi túùbù bírò rọ́pò ẹ̀. Bọ́tìnì kan jó, àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Alábà bá wa fi ti fídíò sí i. Àwọn olùkọ́ tó wà ní yàrá kejì ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn ń lọ kí ẹbí, a ò ní rí wọn mọ́. Tábìlì márùn-ún di mẹ́rin, ó di méjì. Dókítà ò lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn kò lè gbé ife mọ́ nígbà yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo jẹ ìlàjì, mo gbé ìlàjì sórí bébà torí wọ́n pè mí. Nígbà tí mo padà, Dókítà dúró tì í, wọ́n ń wò ó.

"Kúdí, kí ló ń sọ ọ́ di dúdú?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, sà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ti pẹ́ níta."

"Mo mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo ní kí ló ń ṣe é?"

Wọ́n jókòó, wọ́n ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nǹkan kan wà nínú ẹran ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ti bá dópámìnì pàdé, á mú un, á pa á láwọ̀ dà, òun náà ló ń mú kó dúdú. Tá a bá po ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ dúdú bátìrì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á bá wa mú dópámìnì, ẹnu á tọ́ èyí tó ti pàwọ̀ dà wò, áskọ́bíìkì kò sì ní lè pe ara ẹ̀ ní dópámìnì mọ́. Áskọ́bíìkì tó wà nínú ọpọlọ fúnra ẹ̀, wọ́n lè ṣírò ìyẹn. Wọ́n ní àwọn kan lókè òkun ti ń ronú lọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwa ń gbìn ín."

Ó ṣiṣẹ́. Oṣù méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́. Dókítà fúnra wọn ló ń gé ọpọlọ nígbà yẹn, èmi ń ṣe ẹnu. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní Dókítà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, wọn ò bínú. Wọ́n kọ ọ́ jáde, wọ́n fi ránṣẹ́, ìwé dé pé àlejò mẹ́ta ń bọ̀ wá wò ó, pé tó bá rí bí wọ́n ṣe sọ, wọ́n á ràn wá lọ́wọ́ láti ṣe púpọ̀. Dókítà ra aṣọ tuntun. Mi ò rí i kí wọ́n ra aṣọ rí.

Ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń bọ̀, ọ̀gá kan gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, ó fi háńkáṣíìfù bo imú, ó ní, "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń pa ẹran ni?" Mo rí ojú Dókítà. Lóòótọ́, òórùn àgbò ti wọ ara tábìlì. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá mi.

Ìyá mi ní, "Òórùn àgbò? O ò mọ ohun tí wọ́n fi ń lé òórùn àgbò? Ibo lo gbé dàgbà?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọsàn wẹ́wẹ́. Òun la fi ń fọ ẹja, òun la fi ń fọ orí ẹran. Mo ra púpọ̀, mo là á, mo fi fọ tíréè, mo fi fọ ọ̀bẹ, mo fi fọ ọmọ odó. Dókítà ní kí èmi máa gé ọpọlọ láti ọjọ́ yẹn kí àwọn lè ráyè múra sílẹ̀, ọpọlọ náà fúnra ẹ̀ ni mo fún ọsàn sí lára díẹ̀ kí n tó ṣàn án. Yàrá wa ń ta sánsán. Gbogbo èèyàn yìn mí. Dókítà pàápàá fa èémí sínú, wọ́n ní, "Kúdí, o ṣeun."

Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ló ń kọ ọ́ pé òun fọ abọ́?

Àwọn àlejò dé lọ́jọ́ kejì. Dókítà ki ẹnu ẹ̀rọ bọ omi ọpọlọ, wọ́n ní kí wọ́n máa wo pépà. Ìlà ń lọ gbọọrọ. Wọ́n ní ká mú ẹnu míì. Gbọọrọ. Wọ́n ní ká tún ọpọlọ míì lọ̀, mo sáré gé e, mo sì fi ọsàn tún tíréè fọ̀ dáadáa kí ìtìjú má bàa pọ̀ sí i. Gbọọrọ bí ojú ọ̀nà Badagry. Òógùn bo aṣọ tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wo aago, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí tábìlì, ó bó o, ó jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó kéré tán, èyí dùn." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n lọ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Oṣù mẹ́fà la tún fi gbìyànjú lẹ́yìn ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń fi ọsàn fọ abọ́, torí wọ́n ti yìn mí. Ọjọ́ kan Dókítà jókòó tì mí, ojú wọn ti jìn, wọ́n ní:

"Kúdí, ó ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àbí mo lá àlá ni?"

"Ó ṣiṣẹ́, sà."

"Kí ló wá yí padà? Rò ó dáadáa. Ohun tí o bá ti rí, bó ti wù kó kéré tó."

Mo rò ó. Ọlọ́run mọ̀ pé mo rò ó. Mo ní, "Kò sí nǹkan tó yí padà, sà."

Wọ́n yẹ ìwé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n wá kọ̀wé sí gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, pé kí wọ́n má gbà á gbọ́ mọ́, pé ohun táwọn rí tẹ́lẹ̀, àwọn ò lè rí i mọ́. Nínú ìwé ńlá wa, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ọjọ́ àwọn àlejò pé: "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣiṣẹ́." Wọ́n pa ìwé dé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n parọ́ ni, pé wọ́n ya ìlà yẹn fúnra wọn. Ipò tó yẹ kí wọ́n gbà kọjá lórí wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn kú nígbà òjò ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n ti Èkìtì dé, wọn ò dárúkọ ẹ̀ létí mi mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sáré. A kàn ń wá síbi iṣẹ́ ni. Iná kì í sí, omi kì í sí, àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọn ò rí. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá, ó jókòó sábẹ́ ọ̀rá títí ọ̀rá fi gbó. Dókítà fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n kó kúrò nílé bàbá mi lọ sí yàrá kan ní Òkókómáíkò. Ní ọdún kẹtàlá mi, wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n má wá mọ́. Ìlà mẹ́rin ni ìwé náà. Ọwọ́ mi ṣì lè dán ẹnu ẹ̀rọ nínú òkùnkùn, kò sì sẹ́ni tó nílò ẹ̀ ní gbogbo Èkó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé èso tà nítòsí géètì ilé ẹ̀kọ́ náà, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, nínú abọ́ kéékèèké. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi máa ń dúdú kí agogo mẹ́wàá tó lù, wọn kì í rà á. Ìyá Tọ́pẹ́ tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tiẹ̀ máa ń funfun títí ọjọ́ á fi rọ̀. Mo ṣe bíi pé mi ò rí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tó yá mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ìwọ tí o bá wọn ṣe sáyẹ́ǹsì? Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Kò ní jẹ́ kó dúdú mọ́."

"Kí ló wà nínú ọsàn?"

"Èmi ni wàá bi? Kì í ṣe fítámìn C ni?" Ó na ike fítámìn C ọmọ ẹ̀ sí mi, ó ní kí n wò ó, ohun kan náà ni. Mo ka ẹ̀gbẹ́ ike náà. Orúkọ tí mo kọ nígbà ẹgbẹ̀rún wà níbẹ̀. Áskọ́bíìkì.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ń béèrè èso lọ́wọ́ mi, mi ò gbọ́. Gbogbo ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá mú, tó pa láwọ̀ dà, ọsàn mi ń dá a padà sípò kí ẹnu ẹ̀rọ tó tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọdún mẹ́sàn-án, ìka Dókítà ni wọ́n ti ń gé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n ti dàgbà, ara wọn ò yá, kí ni mo tún fẹ́ lọ fi yọ wọ́n lẹ́nu. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè lé mi jáde kí wọ́n má wojú mi mọ́ láyé. Tí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á kú tí wọ́n á máa rò pé àlá làwọn lá. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo lọ sí Òkókómáíkò.

Wọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ wọn wú. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Sà, ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo?"

"Ọsàn ni, sà. Ọsàn wẹ́wẹ́. Èmi ni mo fi fọ tíréè."

Mò ń gbọ́ rédíò àwọn ará yàrá kejì. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn tí wọ́n fi ń sọ "Tún un ṣe" náà ni.

"Má sọ fún mi. Ṣe é kí n rí i. Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ẹ̀rọ wa ló wà níbẹ̀, nínú páálí, wọ́n fi ẹní we ìyókù. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń kó o jù sórí ààtàn làwọn rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin. Ìwé ńlá náà wà nísàlẹ̀ páálí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Sánì. Ó ti di ọ̀gá, ó ti níkùn, ó ní àwọn tó ń bá a pa ẹran. Ó ní, "Ìyá Ọpọlọ! Mo ti rò pé o rí ọkọ." Mo ní kó fún mi lórí kan. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fọ́ bátìrì rédíò ìyá mi, mo lọ dúdú ẹ̀, mo po ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, mo dán ẹnu yẹn níwájú Dókítà lórí pépà. Wọ́n gbé gíláàsì sójú. Wọ́n ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe nígbà mẹ́rin. Omi lásán ni mo fi fọ gbogbo nǹkan. A wá jókòó de iná. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó mú un wá.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ó gòkè. Nígbà tí ìyá onílé kúrò lójú fèrèsé, Dókítà ní kí n kán ọsàn sí i. Mo kán ẹyọ kan, ẹyọ kan péré. Ìlà náà wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì ṣubú, ó sùn gbọọrọ. A fọ ẹnu náà, a gbé omi ọpọlọ tuntun. Ó tún gòkè. Mi ò lè jókòó mọ́, mò ń jó nínú yàrá kékeré yẹn, mò ń fi orí gbá aṣọ tí wọ́n sá.

Dókítà ò jó. Wọ́n yọ gíláàsì ojú, wọ́n gbé e sórí itan. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n má gbà mí gbọ́." Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. "Ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ ṣe é ti lọ. Àwọn ará òkè òkun ti ṣe é kọjá ibi tí a dé. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè wá mọ́, Kúdí."

"Mo mọ̀, sà."

"Máa lọ sílé."

Mo lọ. Ẹ má bi mí bí inú mi ṣe lè máa dùn láàárín gbogbo èyí. Ó ń dùn. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Òkókómáíkò dé Ìbà, mi ò mọ̀ pé mo rìn. Ọkùnrin yẹn ò parọ́. Kò lá àlá. Ojú mi méjèèjì ti rí ìlà náà tó gòkè, èmi tí mo bà á jẹ́ ni mo sì tún un ṣe. Tó bá jẹ́ irú iṣẹ́ yìí lẹ̀yin náà fẹ́ ṣe, tí ẹ bá ti fọ abọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gé èso kankan, mo padà lọ. Wọ́n ti jí, ìwé ńlá náà wà lórí itan wọn, ó ti ṣí sílẹ̀ síbi ọjọ́ àwọn àlejò. Wọn ò kí mi, wọ́n kàn na bírò sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìlà kan pa "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣiṣẹ́" rẹ́, mo kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ tíréè, ọ̀bẹ àti ọmọ odó, mo sì fún un sí ọpọlọ lára. Èmi, Kúdí." Mo dá ìwé padà fún wọn. Wọ́n gbé gíláàsì sójú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà, wọ́n dá a padà sí mi lọ́wọ́.

"Déètì ńkọ́?"

Mo kọ déètì sí i.